Káàdì Abẹ́rẹ́ Kò Tó Láti Fi Wọn Ọkàn Ènìyàn

Bí ọkọ̀ Àbíjàn bá ń múra àtigbéra ní Èjìgbò, ìlú Ògìyán, ìlú tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ ní Kọdífúà tó bẹ́ẹ̀ tí owó séfà fi ń yí lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ibẹ̀, tí èdè Faransé kò sì jẹ́ àjèjì létí ọmọdé, ìwé méjì ni èrò ọkọ̀ kì í fẹ́ gbàgbé sílé: ìwé ìrìnnà rẹ̀, àti káàdì yẹ́lò tí ó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹnubodè tí ó wà níwájú rẹ̀ kò kéré, nítorí pé bí ó bá kọjá Sèmè tí ó bọ́ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Hilakondji ń dúró dè é kí ó tó wọ Tógò, Aflao ń dúró dè é kí ó tó wọ Gánà, Elubo sì ń bẹ níbẹ̀ kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kọdífúà. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, káàdì ni àwọn aláṣẹ ń bèèrè, ẹnikẹ́ni kì í wo apá. Ohun tí kò pamọ́ fún ẹni tí ó mọ ojú ọ̀nà náà ni pé ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ ní káàdì, ẹni tí ó fi owó ra káàdì láìjẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan ara òun náà ní káàdì, àwọn méjèèjì a sì jọ kọjá. Nítorí irú àyédèrú bẹ́ẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ṣe gbé káàdì tuntun tí a lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò jáde ní 2019.

Ọ̀ràn káàdì yìí jẹ mọ́ ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ ti ń bá wọ̀yá ìjà láti ọdún mélòó kan wá, èyí nì ni pé, kí ni a lè fi wọn ọkàn ènìyàn sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, báwo ni a sì ṣe lè ya ẹni tí ó fara mọ́ ọn tinútinú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn ń bá ẹgbẹ́ rìn? Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìṣiyèméjì nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ohun mẹ́wàá tí ó ń wu ìlera gbogbo ayé léwu. Ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, àjọ Wellcome ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti rán àwọn abèèrè-ọ̀rọ̀ sí ènìyàn tí ó lé ní 140,000 ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 140, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni ó sì dáhùn pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kò léwu. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé, ilẹ̀ Louis Pasteur fúnra rẹ̀, ẹnìkan nínú mẹ́ta ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ wọn, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé òṣùwọ̀n wọ̀nyí, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa, wọn a máa wọn ohun mìíràn dípò ọkàn tí a rán wọn láti wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìbéèrè náà wá sí àgbàlá wa. Abèèrè-ọ̀rọ̀ wọ inú ilé kan ní Màsífà, tàbí ní Ọlá, tàbí ní Ìfẹ́-Ọ̀dàn, ó fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ rẹ̀ sí orí itan, ó sì bi ìyá ọmọ léèrè bóyá ó gbà pé abẹ́rẹ́ àjẹsára dára fún ọmọ rẹ̀. Àlejò ni ẹni tí ó ń bèèrè. Ìjọba tàbí òyìnbó ni ó rán an. Ó ti kí ìyá náà dáadáa, ìyá náà sì ti gbé omi fún un. Ta ni ọmọ Yorùbá tí a tọ́ tí yóò wo ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó sì wí fún un pé rárá o, n kò gbà? Yóò wí pé, "Ó dára bẹ́ẹ̀." Yóò wí pé, "A ti gbọ́, ẹ ṣeun." Yóò wí pé, "Ẹ jẹ́ kí bàbá wọn dé ná." Gbogbo wa tí a gbọ́ èdè yìí láti inú ìyá wa wá ni a mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí a rọra tì ni gbólóhùn kẹta yìí, a sì mọ̀ pé "a ti gbọ́" lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ abèèrè-ọ̀rọ̀ kò ní ju àyè méjì lọ, ó gbà tàbí kò gbà, nítorí náà ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá náà gbà. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. A wọn ìwà ọmọlúàbí, a sì rò pé ìgbàgbọ́ ni a wọ̀n.

Òṣùwọ̀n kejì, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn jù, ni ti kíka iye abẹ́rẹ́ tí a gún, kí a sì fi í wé iye ọmọ tí a rò pé ó wà ní ìlú. Gbogbo ẹni tí ó ti ra gààrí rí mọ bí kóńgò tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ti ń ṣe: ojú rẹ̀ yóò kún dẹ́dẹ́, ilé ni olówó yóò dé kí ó tó mọ̀ pé a ti rẹ́ òun jẹ. Ìdí kóńgò tiwa ni iye ènìyàn. Ìkànìyàn 2006 ni ó sọ pé ènìyàn 132,641 ni ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, láti ìgbà náà wá sì ni a ti ń fi ìṣirò bù kún un lọ́dọọdún, láìsí ẹni tí ó bèèrè pé nínú àwọn tí a ń bù kún un yìí, mélòó ni ó ń sùn ní Èjìgbò, mélòó sì ni ó ń sùn ní Àbíjàn. Bí a bá rò pé ọmọ pọ̀ ju bí ó ti pọ̀ lọ, àwọn nọ́ọ̀sì wa yóò dà bí ọ̀lẹ. Bí a bá rò pé ọmọ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ìṣirò yóò sọ pé a ti gún ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí kò ṣeé ṣe lábẹ́ ọ̀run. Kì í ṣe Èjìgbò nìkan ni èyí dé bá. Nígbà tí a ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé jákèjádò Nàìjíríà láàrin 2016 sí 2017, kìkì ọmọ 33 nínú 100 ni a rí tí ó ti gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta abẹ́rẹ́ Penta, èyí tí ń dènà àrùn márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àwọn ilé ìwòsàn ti ń ròyìn iye tí ó ga ju èyí lọ fíìfíì. Ìtìjú náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kéde ní Òkúdu 2017 pé ọ̀ràn pàjáwìrì ni. Ìwádìí 2018 tún fi hàn pé ọmọ 31 nínú 100 ni ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ ìpìlẹ̀ pé, tí 19 kò sì gba ẹyọ kan rí.

Ìṣiyèméjì sí àjẹsára kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn baba wa mọ bupá, wọ́n sì mọ ìgbóná, àrùn tí wọn kì í dá orúkọ rẹ̀ nítorí ẹ̀rù ẹni tí ó ni ín, Ọbalúayé, Ọlọ́de, Ọba tí ń rìn ní ọ̀sán gangan. Dókítà Ògúntọ́lá Sápará, nígbà tí ó rí i pé àwọn ènìyàn kò jẹ́ fi apá sílẹ̀ fún bupá, kò rán abèèrè-ọ̀rọ̀ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yọ́ wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣànpọ̀nná, tí ó sì mọ ohun tí ó wà ní ìdí ẹ̀rù náà, pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá àrùn náà tàn án kálẹ̀ kí ẹrù olóògbé lè di tiwọn. Ohun tí ó rí ni ó mú kí ìjọba amúnisìn fi òfin de ìsìn náà ní 1917. A lè bá a jiyàn lórí òfin yìí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí pé òfin kì í pa ìgbàgbọ́, inú kọ̀rọ̀ ni ó ń lé e sí. Ṣùgbọ́n a kò lè bá a jiyàn lórí ọ̀nà tí ó gbà, nítorí pé ó lọ wo ìdí ohun tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù kí ó tó pè wọ́n ní aláìmọ̀kan.

Nígbà tí ó ṣe, tí gbogbo ayé gbára jọ láti lé ìgbóná lọ, ilẹ̀ Nàìjíríà yìí náà ni a ti kọ́ pé iye abẹ́rẹ́ nìkan kò tó. Ní òpin 1966, ní agbègbè Ògójà, Dókítà William Foege, ará Amẹ́ríkà, kò ní abẹ́rẹ́ tí yóò kárí gbogbo ènìyàn, nítorí náà ó wá ilé tí àrùn náà wà rí, ó sì gún àwọn tí ó yí ilé náà ká. Ìgbóná sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà nígbà tí a kò tíì gún ìdajì àwọn ará ibẹ̀. Ní Àbákálíkì, ní 1967, ènìyàn 32 ni ìgbóná kọlù, gbogbo wọn àfi ẹni méjì ni ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ kan ṣoṣo tí kì í gba abẹ́rẹ́. Bí ẹnìkan bá ka abẹ́rẹ́ ìlú náà lápapọ̀, yóò wí pé ìlú ti bọ́. Ẹni tí ó mọ ilé sí ilé ni ó lè mọ ibi tí iná ń jó sí lábẹ́ eérú. Ní Ẹ̀bìbì 1980 ni a kéde pé ìgbóná ti kúrò láyé.

Èyí tí ó wù mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí kò jìnnà sí wa rárá, nítorí pé inú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí ni ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn ọmọ wa kì í kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní òpin àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, òyìnbó kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, rí i pé èéyi ń pa ọmọ ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé lọ́nà tí àwọn dókítà ìlú òyìnbó kò tilẹ̀ gbàgbọ́, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn èéyi kò ju kí ọmọ sùn fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó sì dìde. Nígbà tí wọ́n ń dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò ní Boston, agbègbè Iléṣà wà lára ibi tí wọ́n gbé e wá, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà fi gbà á kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fún un ní ìwé àṣẹ ní 1963. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn káàdì ni mo ń bọ̀ wá sọ. Morley ṣe káàdì kan tí a ń fi àmì sí ní oṣooṣù bí ọmọ bá ti ń wúwo sí i, dípò kí ó sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn bí ìṣe àwọn dókítà ìgbà náà, ó fi í lé ìyá ọmọ lọ́wọ́ pé kí ó gbé e lọ sílé. Àwọn kan rò pé yóò sọnù, pé eku yóò jẹ ẹ́, pé ìyá tí kò mọ̀wé yóò fi í dáná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e padà wá ní oṣooṣù. Káàdì yẹn wọn ọkàn, nítorí pé kì í ṣe aláṣẹ ẹnubodè ni a fẹ́ fi hàn. Ìyá ni ó ni ín, nítorí ọmọ rẹ̀ ni ó sì ṣe ń rìn wá.

Ìdí nìyí tí mo fi wí pé bí a bá fẹ́ mọ ìdúró àwọn ènìyàn sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìpadàbọ̀ ni kí á máa wò. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí kò ná ìyá ní nǹkan kan. Inú ilé ìgbẹ̀bí ni ó wà, nọ́ọ̀sì ni ó gbé ọmọ. Ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀kẹwàá àti ẹ̀kẹrìnlá, ìyá ni ó gbọdọ̀ dìde lọ. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹsàn-án, tí a óò gún ti èéyi àti ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ọmọ náà ti ń rákò, ara rẹ̀ le, ìyá rẹ̀ ti padà sẹ́nu òwò, ohun tí ó sì ń bẹ̀rù kò hàn sí ojú. Ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún sì burú jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ gbà pé abẹ́rẹ́ ti tán. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹni tí ó bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ le láti oko wá sí Èjìgbò ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ó san owó ọ̀kadà, tí ó fi ọjọ́ ọjà sílẹ̀, ẹni yẹn kò níláti sọ fún abèèrè-ọ̀rọ̀ kankan pé òun gbà.

Ẹni tí kò padà wá ńkọ́? Níbí yìí ni àwọn oníṣirò wa ti ń ṣẹ̀ jù, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe gbogbo wọn: wọ́n kọ̀. Àwọn kan kọ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ní ìdí tí a gbọdọ̀ gbọ́. Nígbà tí Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní òkè ọya dá àjẹsára àrùn rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003, tí àrùn náà sì tún ràn kọjá ààlà Nàìjíríà, gbogbo ayé pè wọ́n ní òpè. Díẹ̀ ni ó rántí pé ní 1996, ní Kánò kan náà, ilé iṣẹ́ Pfizer ti dán oògùn Trovan wò nínú ìwádìí kan tí ọmọ 200 wà nínú rẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn, tí 11 nínú wọn kú, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì fà títí di 2009 kí wọ́n tó gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ìwé ìbéèrè tí kò bá ní ojú ìwé kan fún irú ìrántí bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá àìmọ̀kan ni ó ń bá jà tàbí ìrírí.

Àwọn mìíràn kò kọ̀ rárá. Ní agbègbè tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nígbà tí bàbá àti ìyá wọn wà ní Kọdífúà. Ta ni a óò bi léèrè? Bí ìyá àgbà bá wí pé kí a jẹ́ kí òun bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ná, kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ ni, ẹni tí ó ni ọmọ ni ó ń bọlá fún. Ọmọ mìíràn ti gba abẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ní Àbíjàn kí wọ́n tó gbé e wálé, ó sì mú ìwé tí a fi èdè Faransé kọ dání. Bí nọ́ọ̀sì kò bá lè kà á, ó lè tún gbogbo rẹ̀ gún láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè lé wọn padà, bí ó sì ti wù kí ó ṣe, ìṣirò ti dàrú. Ìlú tí kò ṣòro láti rí ẹni tí ó gbọ́ Faransé nínú rẹ̀ ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí!

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí ojú Èjìgbò rí ní òpin Ẹrẹ́nà 2020, nígbà tí ọmọ wa 127 ti Kọdífúà dé, tí ìjọba Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá kó wọn sí ibi ìyàsọ́tọ̀, tí a sì bá àrùn Kòrónà lára àwọn kan nínú wọn. Orúkọ ìlú wa kún ẹnu rédíò. Àwọn tí a máa ń jó pàdé nígbà ọdún di ẹni tí a ń sá fún. Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni abẹ́rẹ́ Kòrónà dé Nàìjíríà, nígbà tí ó sì di Ọ̀pẹ̀ 2021, ìjọba àpapọ̀ ní òṣìṣẹ́ òun tí kò bá ní káàdì tàbí èsì àyẹ̀wò tí ó fi hàn pé kò ní Kòrónà kò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì, ní oṣù kan náà tí a fi katakata fọ́ abẹ́rẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ní Àbújá nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Káàdì tún dé! Ẹni tí a fi ipá mú gba abẹ́rẹ́ nítorí owó oṣù, a kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí kò bá sí ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà. A sì ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ dé ní Ọ̀wàrà 2023 fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, tí Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gbà á: àhesọ pé yóò sọ ọmọ di àgàn yára ju ọkọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò lè fi pamọ́. Gbogbo òṣùwọ̀n yìí, ìyá ọmọ nìkan ni a ń gbé ka orí rẹ̀. Ta ni ó ń wọn ìjọba? Bí obìnrin kan bá rìn láti Ìjímọ̀ba dé ilé ìwòsàn, tí a sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ti tán, tàbí pé wọn kò lè ṣí ìgò fún ọmọ kan ṣoṣo àfi bí ọmọ bá pọ̀, tàbí tí ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì kan pariwo mọ́ ọn níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí pé epo ta sí káàdì rẹ̀, tí kò sì padà wá mọ́, orúkọ tirẹ̀ ni a óò kọ sí abẹ́ àwọn tí kò ní ìfarajìn. Owó tí àjọ Gavi fi ń ràn wá lọ́wọ́ láti ra abẹ́rẹ́ ní òpin. 2028 ni wọ́n dá fún un. Ọdún náà ni a óò mọ bí ìfarajìn ìjọba ti tó, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, mo sì bẹ Kábíyèsí àti àwọn baálẹ̀ gbogbo agbègbè wa, àwọn ìyálọ́jà, àwọn àlùfáà àti àwọn pásítọ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan máa kọ iye ọmọ tí kò padà wá fún ti oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀, kí ẹnìkan tí ó jẹ́ ará àdúgbò, tí ó mọ ìtumọ̀ "ẹ jẹ́ kí bàbá wọn dé", lọ bèèrè ìdí lọ́wọ́ wọn láìbá wọn wí, kí ẹni tí ó gbọ́ Faransé sì wà ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Kí wọ́n lẹ ohun tí wọ́n bá rí mọ́ ara ògiri ní wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì lẹ iye ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ kò sí nínú fíríjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ará ìlú lè ka méjèèjì pọ̀.